Lẹ́tà Méje Láyà Mi

Obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó bá mi pàdé ní Plumstead ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Òun ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, èmi ń sáré kọjá nínú òtútù, mo dé fìlà onírun, imú mi ń ṣomi. Ó na ọwọ́, ó dá mi dúró.

"Rónkẹ́, kí ló ń lé ọ?"

Mo ní kò sí nǹkan tó ń lé mi, mà.

"Àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èwo ni tìẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mò ń dín ọ̀rá kù ni. Irọ́ ni. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń pa irọ́ yẹn tàbí èyí tó jọ ọ́, ó sì ti mọ́ mi lẹ́nu dáadáa.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Ní ọdún 2017, àbúrò mi ọkùnrin, Adégbóyèga, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún 29 ni. Mi ò ní sọ bó ṣe ṣe é. Ẹni tó bá tìtorí ìyẹn wá síbí, kó máa lọ, ire o.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jù ú. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ pọnmi. Nígbà tí wọ́n pè mí ní Lọ́ńdọ̀nù, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì, mo délé lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sin ín gan-an. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní mi ò lè bá wọn lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é: òbí kì í dé ibojì ọmọ, ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò. Wọ́n fi èmi àti Màámi sínú yàrá, wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n ní kí àwọn obìnrin méjì máa ṣọ́ wa. Mo gbọ́ ìró mọ́tò tó gbé e jáde. Wọn ò pẹ́ tó wákàtí kan tí wọ́n fi dé, wọ́n ń bu omi fọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ẹrẹ̀ pupa lára bàtà ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan. Ẹrẹ̀ yẹn nìkan ni mo fojú mi rí nínú ìsìnkú àbúrò mi.

Wọ́n ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì pé àìsàn ránpẹ́ ni. Ní kékeré, mo máa ń rò pé ìyìn lásán ni bí wọ́n bá ń sọ pé Ọba kò so. Ọjọ́ tí mo gbọ́ "àìsàn ránpẹ́" lẹ́nu bàbá mi ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ojú kì í fẹ́ rí i, ẹnu á sì wá ọ̀rọ̀ míì. Ṣùgbọ́n ẹnìkan tún wà nínú pálọ̀ lọ́jọ́ náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ikú yá ju ẹ̀sín." Ẹ̀sín wo? Gbóyèga ò jẹ gbèsè, kò jalè, kò fipá bá ọmọ ọlọ́mọ lò pọ̀. Ara rẹ̀ ni kò yá. Ó tó ọdún méjì tí oorun ti já a jù sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó fẹ́ gbẹ. Òwe yẹn, mo ti yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí mò ń pa. Ẹ máa bá mi dá a dúró lẹ́nu àwọn àgbà, ẹ jọ̀ọ́.

Kò sì jẹ́ pé a ò rí i. Ní bí ọdún kan ṣáájú, ó ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan, wọ́n tètè bá a. Wọn ò gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́pàá ni bàbá wa ń bẹ̀rù, ìbẹ̀rù náà kò sì jẹ́ ti aláìmọ̀kan: abala 327 nínú òfin ọ̀daràn ilẹ̀ wa ní ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti gba òfin yẹn. Àwọn ti fa tiwọn ya ní 1961. Tiwa ṣì wà nínú ìwé nígbà tí Gbóyèga ń ṣàìsàn. Ìpínlẹ̀ Èkó yí tirẹ̀ padà ní 2011, pé kí adájọ́ ní kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n Ògùn kọ́ ni Èkó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ìlú tí Arò, ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ, wà ni wọ́n ti bí wa. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, tó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí ẹnìkan nínú ẹbí wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, kí wọ́n padà sílé lálẹ́. Ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, kò lé wọn dànù. Òkìkí ètò yẹn kàn dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, èébú ni Arò. Bí ọmọ bá ń ṣe ràdàràdà, "Ṣé kí n mú ọ lọ sí Arò ni?" Màámi ti sọ ọ́ fún èmi náà nítorí pé mo da ògì nù. Nítorí náà, orí òkè àdúrà ni wọ́n gbé Gbóyèga lọ, ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó gbààwẹ̀, ó rù sí i.

Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, Màámi ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tiẹ̀ yọjú, "ọmọ yẹn" ló ń pè é. Wọ́n yọ fọ́tò tó fi jáde ní yunifásítì kúrò lára ògiri; ibi tó wà tẹ́lẹ̀ wá mọ́ ju ibi yòókù lọ, ó dà bíi fèrèsé. Nígbà tí bàbá wa náà kú ní 2021, a ṣe é bó ṣe yẹ, aṣọ ẹbí méjì, màlúù, onílù. Mo ṣí ìwé ètò ìsìnkú náà, mo ka orúkọ àwọn ọmọ tó fi sáyé lọ. Mẹ́rin. Márùn-ún la jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní bí aago kan òru. Iṣẹ́ òru ni mo wà, mò ń pààrọ̀ aṣọ ìyá arúgbó kan. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni ohùn náà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pè mí tí ẹ bá ráyè. Kò sí wàhálà." Mo gbọ́ ọ nígbà ìsinmi. Mo ní ilẹ̀ ti ṣú, kó sùn ná. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ mo pè é, ẹlòmíì ló gbé e.

Kò sí wàhálà. Àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun la fi ń parí gbogbo ọ̀rọ̀. Mi ò lè gbọ́ ọ kí inú mi má ṣe gbì.

Ní 2019, ní òru kan tí n kò sí níbi iṣẹ́, mo jókòó sí ilẹ̀ báfúrúùmù, mo pe 116 123. Nọ́ńbà Samaritans nìyẹn, ẹgbẹ́ tó ń fetí sí àwọn tí ayé sú, ọ̀fẹ́ ni ní Bìrìtéènì, tọ̀sán-tòru ni wọ́n fi ń gbé e. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Chad Varah ló dá wọn sílẹ̀ ní 1953, nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Stephen Walbrook, láàárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 14 kan ló sin nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àlùfáà. Nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó rò pé àrùn ìṣekúṣe ni, kò rí ẹni bi, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Mi ò mọ èyí lọ́jọ́ tí mo pè. Mo kàn mọ̀ pé ọkùnrin kan gbé fóònù, ohùn rẹ̀ jọ ti àgbàlagbà, mo sunkún sí i létí fún ìgbà pípẹ́, kò dá mi lẹ́kun. Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí ni orúkọ àbúrò mi.

Ọdún méjì, kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ò fẹ́ pè é, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, irọ́ ni mo ń pa fún wọn. Mo ní, "Gbóyèga." Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un pè kí òun lè pè é dáadáa. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbà, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eré sísá yìí ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ẹsẹ̀ tó gbọ́. Nínú èmi àti Gbóyèga, òun ni asáré. Ní iléèwé, òun ni wọ́n fi ń parí eré relay ilé aláwọ̀ yẹ́lò. Bí wọ́n bá rán wa ní búrẹ́dì, á sá dé ìsàlẹ̀, á sá padà wá bá mi, á tún sá lọ, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń falẹ̀ o!" Èmi kì í sáré lé bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó ń sá London Marathon tí wọ́n fi orúkọ òkú wọn sáyà, nítorí ọ̀nà wọn gba Woolwich wa kọjá lọ́dọọdún, mo sì wá ń rò ó. Wọn ò jẹ́ kí n sin ín. Ó dáa, màá sìn ín. Kìlómítà méjìlélógójì ó lé díẹ̀, ó jìnnà ju ibojì rẹ̀ lọ.

Samaritans fún mi ní àyè kan, wọ́n ní kí n ko £2,000 jọ. Ìkówójọ yìí burú ju eré lọ, nítorí ó di dandan kí n kọ ìdí rẹ̀ síbi tí ayé ti lè kà á. Mo kọ ọ́ ní òru, mo pa fóònù. Nígbà tí mo máa tàn án, ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan ti pè lẹ́ẹ̀méje. "Rónkẹ́, ṣé o fẹ́ tú ìdí ilé wa síta ni?" Mo ní rárá, sà. Mi ò mọ ohun tí mo tún sọ, mo mọ̀ pé mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú kíṣìnnì mi bí ẹni pé ó ń rí mi.

Owó dé o, ó tiẹ̀ kọjá ohun tí wọ́n bù. Ṣùgbọ́n àwọn iṣẹ́ tó wọlé ní ìkọ̀kọ̀ ni mi ò retí. Ọ̀kan nínú àwọn díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín, kọ ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi náà. 1994. Ìyàwó mi ò mọ̀." Obìnrin kan tí a jọ kàwé kọ ọ́ pé ìyá òun ni. Ẹni mẹ́jọ ni wọ́n. Ìyá Ìjẹ̀bú-Igbó ibi iṣẹ́ wa kò kọ nǹkan kan, ó kàn gbé ogún pọ́n-ùn fún mi nínú àpòòwé, ó ní, "Ìwọ lò ń lé e. Mo ti mọ̀ báyìí."

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, mo tẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì Samaritans sórí tábìlì, mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ lẹ́tà méje mọ́ ọn láyà: GBOYEGA. Àwọn èèyàn máa ń lẹ orúkọ ara wọn kí èrò lè máa fi kí wọn. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n kí mi. Lẹ́tà A tó wà nígbẹ̀yìn kò lẹ̀ dáadáa, igun rẹ̀ kan ń gbé orí sókè bí ewé tó gbẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ títí aṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí rùn.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù kẹrin 2024. Ní Blackheath, níbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀, ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gùn ju ti àwọn tó ń wá físà lọ. Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, wọ́n ní ká pàtẹ́wọ́ fún Kelvin Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà tó gba ipò kìíní níbẹ̀ ní 2023, tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa ní oṣù kejì 2024, ọmọ ọdún 24 péré. Ìṣẹ́jú àáyá ọgbọ̀n la fi pàtẹ́wọ́. Mò ń pa tèmi, mo sì ń jowú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo jowú òkú. Wọ́n pe orúkọ ọmọ náà nínú ẹ̀rọ, gbogbo pápá ń hó, kò sí ẹni tó ní ká rẹ ohùn sílẹ̀.

Ní máìlì kẹta, a wọ Woolwich. Ibi tí mo ti ń ra iṣu àti ẹja pańla nìyẹn, mo mọ ẹni tó ni ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan dúró létí títì nínú agbádá funfun, Bíbélì lábẹ́ apá, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, títì tí wọ́n dí ni kò jẹ́ kó kọjá. Ó rí àyà mi.

"Gbóyèga! Gbóyèga kẹ̀? Orúkọ ọkùnrin nìyẹn o!"

"Àbúrò mi ni, sà!"

"Òun dà?" ó ní, ó ń na ọrùn wo ẹ̀yìn mi, bí ẹni pé ó ń bọ̀.

Èrò ti gbé mi kọjá kí n tó rí èsì fún un.

Láti Greenwich lọ, àwọn òyìnbó gba orúkọ náà lọ́wọ́ mi. Gb ò ṣeé ṣe fún ahọ́n wọn, nítorí náà wọ́n jù G nù, ó di "Boyega! Ó yá, Boyega!" Mo ronú pé John Boyega, òṣèré fíìmù ọmọ Peckham yẹn, ló ti bá wọn kọ́ ọ, Adégbóyèga ni orúkọ ìdílé tirẹ̀ náà ní kíkún. Ká tó yí ọkọ̀ ojú omi Cutty Sark po, Peres Jepchirchir, obìnrin tó gba ipò kìíní, ti parí tirẹ̀ ní 2:16:16, nígbà náà kò tíì sí obìnrin tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú eré tí obìnrin nìkan sá. Èmi ń ka tèmi. Iye ìgbà tí wọ́n pè é ni mò ń kà. Ọmọdékùnrin tó na àwo ọsàn gígé ní Deptford pè é. Àwọn ọ̀mùtí níwájú ilé ọtí kan fi ṣe orin, gbogbo wọn pọ̀, wọ́n ń lu tábìlì. Mo kà á dé 112 ní Surrey Quays, òǹkà dàrú mọ́ mi lójú. Ọdún méje nínú ilé wa, òdo. Òwúrọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, 112, a ò tíì dé Tower Bridge.

Mi ò ní purọ́ nípa ìyókù. Ní máìlì kọkàndínlógún, láàárín àwọn ilé gogoro Canary Wharf, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Àwọn asáré máa ń pè é ní ògiri: ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ àti iṣan tò pamọ́ ti tán, ara ò sì rí nǹkan míì sun kíákíá. Mo jẹ dàbínù tó kù lápò mi, ó dà bí iyanrìn lẹ́nu. Mo ń rìn. Ọkùnrin òyìnbó kan tó ń rìn náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi fọ́tò ọmọbìnrin kan sẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Ó wo àyà mi, ó ní ọmọ ọdún mélòó ni. Mo ní 29. Ó ní, "Tèmi, 19." A ò tún sọ nǹkan kan mọ́ fún bíi máìlì kan. Ó ṣí omi fún mi nítorí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ní Poplar ó ní òun á gbìyànjú díẹ̀ sí i, ó sá lọ, mi ò sì mọ orúkọ rẹ̀ dòní.

Atẹ́gùn odò Thames ló ṣí lẹ́tà A náà, ní Lower Thames Street, ibi tí kò jìnnà sí Walbrook yẹn. Ó ku igun kan ṣoṣo tó fi rọ̀ mọ́ aṣọ. Mo fi ọwọ́ òsì dì í mú mọ́ àyà, ẹni tó bá rí mi á rò pé ọkàn ń dùn mí tàbí pé mò ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Báyẹn ni mo ṣe la Embankment já, tí mo kọjá lábẹ́ Big Ben. Ní iwájú ààfin Buckingham, mo fi ọba wọn ré: eré Òlíḿpíìkì 1908 ló sọ ọ̀nà yìí di 42.195, wọ́n gbéra ní ààfin Windsor, wọ́n sì ní ó gbọ́dọ̀ parí níwájú ìjókòó àwọn ọba. Mítà 195 yẹn, mo mọ ẹni tí mo máa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sùn.

Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 48. Wọ́n fi mẹ́dà kọ́ mi lọ́rùn, wọ́n fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́. Mo jókòó sí etí títì, mi ò lè tẹ orúnkún, mo pe Màámi lórí fídíò.

Ó rí mi, ó pariwo. "Àdùkẹ́! Kí ló dé tí ojú ẹ fi rí báyìí? Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun, mà. Mo fi mẹ́dà hàn án. Ó ní ṣé góòlù ni, mo ní rárá. Lẹ́yìn náà mo na fóònù síwájú kí ó lè rí àyà mi, mo yọ ọwọ́ òsì mi kúrò, A náà sì gbé orí sókè, ó ń fì nínú atẹ́gùn. Màámi wọ awò ojú rẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọkọ̀ kan fọn fèrè nílé lọ́hùn-ún, ó kọjá, Màámi ò tíì sọ̀rọ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ti fẹ́ já," ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, kò lẹ̀ dáadáa.

"Fi abẹ́rẹ́ rán an. Àti pé má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ o, ṣé o gbọ́? Má jẹ́ kí orúkọ ọmọ mi ṣí."